Irin, Omi àti Ìtọ́jú

Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn èdè Yorùbá dáadáa lè rò pé Òkè-Ògùn jẹ́ òkè tí Ògún, òrìṣà irin, ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ odò Ògùn ni ilẹ̀ náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni orúkọ odò náà ní. Ti òrìṣà ni ó gbé ohùn òkè sí ìparí. Ṣùgbọ́n bí orúkọ méjèèjì ṣe súnmọ́ ara wọn létí, bẹ́ẹ̀ náà ni omi àti irin súnmọ́ ara wọn nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Níbi tí omi bá ti pàdé irin, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣọ́ wọn, ìpẹtà ni wọn yóò bí.

Ìpẹtà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é lónìí. Ìpáàrà ni ó wà nínú Bíbélì àtijọ́. Àwọn mìíràn a sì wí pé irin ti dógùn-ún. Orúkọ tó pọ̀ tó báyìí fi hàn pé ọ̀tá àtijọ́ ni. Síbẹ̀, bí a bá ń ka àwọn ohun tó jẹ mọ́ àṣà wa, a kì í ka bí a ṣe ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà mọ́ ọn. A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì àti panẹ́bítà ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ irú ìtọ́jú tí àwùjọ kan ń ṣe fún ohun ìní rẹ̀, kí ó lọ wo irin wọn. Bí ó bá sì fẹ́ rí i kedere, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ti dàgbà, pàápàá irú ọkọ̀ kúkúrú tí a ṣe fún eré sísá, nítorí pé nínú rẹ̀ ni irin ti fẹ́lẹ́ jù, tí iṣẹ́ tí a gbé lé e lórí sì pọ̀ jù.

Kí a tó dé orí mọ́tò, ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irin fúnra rẹ̀. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, jẹ́rìí sí i pé kí ọjà òyìnbó tó dé, nílé ni a ti ń rọ gbogbo ohun èlò irin wa, láti orí ohun ìjà títí dé orí abẹ́rẹ́. Ó ní ọjà òyìnbó dán ju tiwa lọ, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kì í tọ́jọ́ tó ti ilé. Ní 1904, C. V. Bellamy, tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ òde fún ìjọba ní Èkó, tẹ ìròyìn kan jáde nínú ìwé àkókò ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé kan tí ó pè ní Ola-Igbi, ní agbègbè Ọ̀yọ́, ni ó ròyìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń yọ irin nínú òkúta nínú ìléru amọ̀. Onímọ̀ irin kan, F. W. Harbord, yẹ ohun tí Bellamy kó lọ sílé wò. Ìròyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ ni iṣẹ́ náà ń kógbá sílé. Irin tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá ti ń lé ìléru wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn ni pé irin tó ti inú irú ìléru bẹ́ẹ̀ wá kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó mọ iye eèdú, iye òru àìsùn àti iye òógùn tó wà nínú ọkọ́ kan ṣoṣo kò ní sọ ọ́ sínú òjò. Ọkọ́ tó bá jẹ títí tó kù díẹ̀, alágbẹ̀dẹ a fi ẹ̀mú mú un, a gbé e sórí owú, a sì sọ ọ́ di ọ̀bẹ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú rẹ̀ kò le. Wọ́n a nù ún gbẹ. Wọ́n a fi epo pa á, tàbí òrí, èyí tí kò wọ́n ní Òkè-Ògùn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yọ ọ́ láti inú èso igi emi. Wọ́n a sì fi há àjà, níbi tí èéfín ààrò ti ń gbẹ gbogbo ohun tó bá wà lókè. Ọ̀rá ń lé omi. Ibi tí ọ̀rá bá gbà, omi kò rí àyè dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rá pẹ̀lú ní ìwọ̀n ọjọ́ tirẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, a kan, kíkan náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Nítorí náà, ẹni tó fi epo pa àdá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tíì ṣe nǹkan kan. Ní àpatúnpa ni agbára rẹ̀ wà.

Ǹjẹ́ epo tí a ń ta sórí irin ní ojúbọ Ògún, ṣé oògùn ìpẹtà ni? Àwọn kan nínú àwa tí a ń kọ̀wé lórí àṣà a máa yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn baba wa ti mọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. N kò ní í bá wọn dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ̀ ni epo jẹ́ nínú ètùtù. Kí Ògún lè rọ̀ ni a ṣe ń ta á, kì í ṣe kí irin má baà dógùn-ún. Bí a bá pe ìpẹ̀tù ní kẹ́mísírì, a ti tàbùkù àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú àṣà náà tí ó wúlò fún ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí àkókò kan ń bọ̀ wá bá lọ́dọọdún, tí ó gbọ́dọ̀ lọ dúró síwájú irin, kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó sì fún un ní nǹkan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má rí irin náà. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń fọ ọkọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń so màrìwò mọ́ ọn ní ọjọ́ ọdún Ògún, wọ́n ní ọjọ́ kan ó kéré tán nínú ọdún tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ wọn po. Ìpẹtà kò fẹ́ràn ẹni tó ń yẹ irin wò.

Ọgbọ́n mìíràn wá láti òkè òkun. Ní 1829, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Henry Palmer gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a ká ní wàyìwàyì. Ní 1837, Stanislas Sorel, ní ilẹ̀ Faransé, gba tirẹ̀ lórí bí a ṣe ń fi síǹkì bo irin. Nígbà tí ọgbọ́n méjèèjì pàdé, ohun tí a ń pè ní páànù dé. Bẹẹrẹ ni koríko tí a fi ń bo ilé wa tẹ́lẹ̀. Páànù lé bẹẹrẹ kúrò lórí ilé, nítorí pé iná kì í jó o bí ó ṣe ń jó koríko, a kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ díẹ̀. Bí síǹkì ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò yé ọmọ Yorùbá kíákíá, nítorí pé iṣẹ́ ẹran ẹbọ ni ó ń ṣe. Kì í ṣe pé ó kàn bo irin lásán. Bí nǹkan bá họ ọ́ tí irin sì yọ, síǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni omi àti afẹ́fẹ́ yóò kọ́kọ́ jẹ. Yóò fi ara rẹ̀ lélẹ̀ kí irin lè yè. Ọjọ́ tí síǹkì bá tán ni ikú kan irin. Òrùlé aláwọ̀ ilẹ̀ tí a rí káàkiri àwọn ìlú wa, irú èyí tí J. P. Clark fi sínú ewì kúkúrú rẹ̀ lórí Ìbàdàn, òrùlé tí ẹbọ rẹ̀ ti tán ni.

Mọ́tò wọ ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1906 ni ìjọba ti mú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ bọ̀ sípò fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọkọ̀ tó wá gbalẹ̀ jù lọ lẹ́yìn náà ni bọ́lẹ̀kájà. Ẹ̀ńjìnnì àti eegun rẹ̀ wá láti ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà wa ni wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀. Ó yẹ kí a ronú lórí èyí. Eegun irin bọ́lẹ̀kájà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìpẹtà lè jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jẹ ẹ́ dé mùdùnmúdùn. Pákó ara rẹ̀ kì í dógùn-ún. Bí ó bá jẹrà, káfíńtà kan yóò yọ ọ́, yóò sì fi òmíràn sí i. Ọkọ̀ tí a lè tún ṣe pẹ̀lú ohun tó wà nílé ni.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó tẹ̀ lé e yàtọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí kò tó mìlímítà kan ní nínípọn ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n jó o pọ̀, ó sì di àpò àti ihò lóríṣiríṣi. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ara ọkọ̀ náà ni eegun rẹ̀. Ọkọ̀ méjì nínú ìran yìí ni a mọ̀ jù ní Nàìjíríà: Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975, àti Volkswagen kékeré, tí ilé iṣẹ́ tó wà ní ọ̀nà Ọ̀jọ́, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ọdún 1975 kan náà. Ìjàpá ni a sọ ọkọ̀ kejì yìí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Ìjàpá yìí àti ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ asáré tó lókìkí jù láyé jẹ́ ọmọ ìyá. Ferdinand Porsche ni ó ya àwòrán Ìjàpá. Ọkọ̀ asáré tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, Porsche 356 ti 1948, ara Ìjàpá ni wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀. Ní 1955, ilé iṣẹ́ Volkswagen tún gbé ọkọ̀ rírẹwà kan, Karmann Ghia, ka orí irú ìpìlẹ̀ Ìjàpá. Nítorí náà, bí a bá mọ ibi tí ìpẹtà ń gbà wọ ara Ìjàpá, a ti mọ ibi tó ń gbà wọ ara àwọn àbúrò rẹ̀ tó ń sáré.

Ojú mẹ́ta ni ó ń gbà. Èkíní ni ihò gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Òyìnbó ṣe é kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ńjìnnì lẹ́yìn gba inú rẹ̀ wá bá ẹni tó ń wakọ̀ ní ìgbà òtútù. Ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ta ni ó nílò ìgbóná nínú ọkọ̀? Ihò tí a kò lò yìí ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ pa ọkọ̀ náà. Èkejì ni abẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì wà. Áásìdì rẹ̀ a máa kán sórí irin, ojú kò sì ní rí i títí ilẹ̀ ọkọ̀ yóò fi lu. Ẹ̀kẹta ni inú ibi tí táyà ń gbé àti igun gbogbo tí ẹrẹ̀ lè sá pamọ́ sí.

Ojú ọjọ́ Òkè-Ògùn ní ìwà méjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí irin fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sùn láìbẹ̀rù. Kò sí iyọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ bí ti Èkó, níbi tí òkun ti ń fẹ́ iyọ̀ sí orí gbogbo nǹkan. Ọkọ̀ tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ ọ̀dàn yẹ kí ó pẹ́ ju ti etíkun lọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kan náà ni ó ń gbé eruku wá, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà sì ń fi eruku pupa kún un. Eruku yìí a wọ inú gbogbo ihò, a sì jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, eruku náà a di ẹrẹ̀, a sì mu omi bí kànrìnkàn. Oòrùn yóò gbẹ ara ọkọ̀ lóde láàárín wákàtí kan; inú ihò yóò wà ní tútù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Láti inú ni irin ti ń jẹ. Bí ọ̀dà ara ọkọ̀ bá wú bí ẹni pé iná jó o, kì í ṣe ìgbà náà ni àìsàn bẹ̀rẹ̀; ìgbà náà ni ó yọjú. Ìpẹtà ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, òun ni ó ń ti ọ̀dà sókè. Àwọn àgbà sọ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Nínú ọkọ̀ asáré, ewu náà pọ̀ sí i. Àwọn kan nínú wọn kò ní òrùlé irin, bí irú MGB aláìlórùlé tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1962. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó di iwájú mú mọ́ ẹ̀yìn. Bí ìpẹtà bá jẹ irin náà tán, ọkọ̀ lè tẹ̀ ní àárín. Ẹni tó bá sì ń sáré nínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, orí rẹ̀ nìkan ni ó kù tí yóò gbà á. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà jìyà àìbìkítà wọn. Ní 1980, ìpẹtà tó jẹ abẹ́ ọkọ̀ Lancia Beta kan ilé iṣẹ́ náà lára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ní láti máa ra ọkọ̀ padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ilé iṣẹ́ Porsche ti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú: láti orí ọkọ̀ 911 tí wọ́n ṣe fún 1976 ni wọ́n ti ń fi irin tí a ti rì sínú síǹkì kan ara rẹ̀. Ọgbọ́n òrùlé páànù ni wọ́n gbé wọ ọkọ̀. Ní ìgbà kan náà tí àbúrò ń wọ ẹ̀wù síǹkì yìí ní Jámánì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí à ń tò ní Ọ̀jọ́ kò rí irú rẹ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn 1986, tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tòkúnbọ̀ sì gba ìgboro. Èbúté Kútọnu ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé, títí ìjọba àpapọ̀ fi fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017. Òkè-Ògùn bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè níbẹ̀. Ohun tí àwọn òǹrajà kì í rò ni irú ilẹ̀ tí tòkúnbọ̀ ti wá. Ní ìlú òyìnbó, bí yìnyín bá bo ọ̀nà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i kí ó lè yọ́. Omi iyọ̀ náà ni táyà ń fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, ọdún dé ọdún. Ọkọ̀ kan lè dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ara tó ń dán, kí iyọ̀ ọdún mẹ́wàá sì wà nínú egungun rẹ̀. Òjò wa àkọ́kọ́ ni yóò jí i.

Ibi yìí ni a ti ń ṣe ara wa. Bí ihò bá yọ sí ara ọkọ̀, ohun tó rọrùn ni kí a fi pọ́tì dí i, kí a fi sáńpépà fá a dọ́gba, kí a kùn ún lọ́dà, kí a sì tà á. Ó ń dán, ẹni tó rà á ń yọ̀, panẹ́bítà ti gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpẹtà kò mọ̀ pé a ti dí ihò náà. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ pọ́tì, níbi tí omi ti wá rí ibùgbé tó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. N kò fi èyí dá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ́bi. Mo mọ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì ní Ìsẹ́yìn, tí wọn yóò gé irin tó jẹrà kúrò dé ibi tí irin funfun wà bí oníbàárà bá gbà. Oníbàárà ni kì í gbà. Owó dídán ni ó mú wá, kì í ṣe owó ìwòsàn.

Kí ni ìwòsàn náà? Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe kò jìnnà sí ohun tí onílé ọkọ́ àtijọ́ ń ṣe. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n a fọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n a fọ inú ibi tí táyà ń gbé, wọ́n a sì gbé ẹní ilẹ̀ ọkọ̀ sá sóòrùn. Wọ́n a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la àwọn ihò kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí pé ojú ọ̀nà omi ni, ìdọ̀tí sì ń dí i. Irin tó bá ti jẹrà, wọ́n a gé e, wọ́n a jó tuntun mọ́ ọn, wọ́n a fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ oní-síǹkì pa á kí wọ́n tó kùn ún. Inú àwọn ihò tí ọwọ́ kò lè dé, wọ́n a fọ́n ọ̀rá tàbí ìda yíyọ́ sí i, kí ó fà wọ gbogbo igun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún èyí, nítorí pé irin kì í gbẹ tó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó bá fi ọ̀rá pa irin tútù, omi ni ó fi ọ̀rá tì mọ́lé. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni kí a da ọ̀dà ojú ọ̀nà bo abẹ́ ọkọ̀ tó ti ń jẹrà: bí ọ̀dà náà bá gbẹ, a sán, omi a sì gba ojú sísán náà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá dà bí epo àtijọ́: kò tó lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdọọdún ni wọ́n ń tún un pa.

Nǹkan kan tún kù, òun ni ó sì le jù lọ láti yanjú. Kí ni à ń dáàbò bò gan-an? Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Oníkan, l'Ékòó, ni wọ́n kó ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976 sí. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Etí ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ irin tí ọ̀dà ti bọ́ lára rẹ̀, ìpẹtà sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Bí panẹ́bítà kan bá dí àwọn ihò náà, tí ó kùn ọkọ̀ náà tí ó sì ń dán, irin yóò yè, ẹ̀rí yóò kú. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣe ohunkóhun, ẹ̀rí yóò jẹrà pẹ̀lú irin. Ọ̀nà tó kù ni kí a dá ìpẹtà dúró láìpa ojú ọgbẹ́ rẹ́: kí a gbẹ afẹ́fẹ́ tó yí i ká, kí a fi ìda tàbí ọ̀rá tí ojú kò rí bo irin tó ṣí sílẹ̀, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ́jú kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìsọdọ̀tun. Ẹni tó sọ nǹkan àtijọ́ di tuntun lè ti sọ ọ́ nù.

Bí mo bá ronú lórí èyí, mo máa ń rántí àwọn ọkọ̀ Ìjàpá àti 504 tó kún ọ̀nà Òkè-Ògùn nígbà kan. Àwọn ni wọ́n gbé iṣu, àgbàdo, àṣọ òfì, olùkọ́ àti aláboyún fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Púpọ̀ nínú wọn ti di àlòkù irin, tí wọ́n wọ̀n ní kílò tí wọ́n sì gbé lọ yọ́. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lónìí irú ọkọ̀ tó gbé ìyá rẹ̀ àgbà lọ sí ọjà, kò lè fi ọwọ́ kan èyíkéyìí. Ìléru Ola-Igbi ti lọ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ni ó kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí mọ́tò náà lọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n ń jó irin, wọ́n sì ń lu páànù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Irin, pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀, kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ omi lásán. Láti inú ilẹ̀ ni ó ti wá, ọ̀nà ilẹ̀ ni ó sì ń wá láti padà sí. Ọwọ́ tó ń nù ún, tó ń fi ọ̀rá pa á, tí kò sì jẹ́ kí ó sú òun, ni ó ń dá a dúró. Àwọn tó ni ọkọ́ mọ èyí nígbà tí irin ṣọ̀wọ́n. Nísinsìnyí tí irin pọ̀, tí a rò pé a lè ra òmíràn nígbàkúùgbà, ni ó yẹ kí a tún un kọ́.